Ilé ìwòsàn, ilé ẹni, àbí ojú fóònù: níbo ló yẹ kéèyàn ti máa lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Oṣù mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n sọ fún pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe é ni kò bẹ̀rù oògùn rẹ̀. Bí àkókò tí wọ́n máa fi lò ó ṣe gùn tó ló ń já wọn láyà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikọ́ á ti rọlẹ̀, ibà alẹ́ àti òógùn òru á ti lọ, ẹran á ti máa padà sí wọn lára. Síbẹ̀, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ò tíì kú tán, àwọn tó kù yìí ló sì lágídí jù. Ibi tí ìtọ́jú àrùn yìí ti le gan-an nìyẹn: ó ń fẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá máa lo oògùn bíi ti ẹni tó ṣì wà lórí ìdùbúlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí “níbo ni màá ti máa lò ó, ta ni yóò sì máa ṣọ́ mi?” fi jẹ́ ìbéèrè tó wúwo tó “oògùn wo ni?” Kó tó di ọdún 2020, ibi púpọ̀ wà tí wọn kì í ti í bi aláìsàn ní ìbéèrè yẹn rárá. Kó máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn láràárọ̀, ó parí. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ló fipá yí i padà. Láàárín oṣù díẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ti ń jiyàn lé lórí bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ di ohun tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé, nítorí pé ọ̀nà míì ò sí. Ìjì náà ti rọlẹ̀ báyìí, ojú sì ti là tó láti fi àwọn ọ̀nà náà wéra.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún, àti ẹni tó fẹ́ dúró tì í. Kì í ṣe àṣẹ dókítà o. Ohun tí ẹ lè gbé lọ síwájú dókítà yín kí ẹ fi bá a jíròrò ni.

Kí ni wọ́n ń pè ní àṣeyọrí?

Bí ìtọ́jú bá dópin, ọ̀kan nínú àkọlé mẹ́fà ni wọ́n máa ń kọ síwájú orúkọ aláìsàn. Ó wò sàn, ìyẹn ni pé àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò náà ti lọ. Ó parí ìtọ́jú, ìyẹn ni pé ó lo oògùn rẹ̀ tán bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó fi ìdí ìwòsàn múlẹ̀. Oògùn kò ràn án. Ó kú. Ó dáwọ́ dúró fún oṣù méjì gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìkẹfà ni pé a ò mọ ibi tó já sí. Méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń pa pọ̀ tí wọ́n ń pè ní àṣeyọrí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe onígbèsè tó sá lọ ni wọ́n fi ń pe ẹni tó dáwọ́ dúró nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tó pa á tì lọ́dún 2013. Ó dùn mọ́ mi nínú pé wọ́n pa á tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó ọkọ̀ ló tán lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe pé wọ́n ya aláìgbọràn.

Ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí àwọn oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún èèyàn ṣì ń ràn, nínú gbogbo àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́dún 2019 káàkiri ayé, ìdá 86 nínú 100 ló ṣàṣeyọrí. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, nígbà tí ayé tì pa, 86 náà ni. Àwọn ti ọdún 2021 jẹ́ 88. Ẹni tó bá wo èyí nìkan yóò ní Kòrónà ò fọwọ́ kan ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ rárá.

Ṣùgbọ́n ìdá 86 nínú èèyàn mélòó? Lọ́dún 2019, mílíọ̀nù 7.1 èèyàn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn náà lára wọn tí wọ́n sì forúkọ wọn sílẹ̀. Lọ́dún 2020, iye yẹn já wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 5.8. Àrùn náà kò dínkù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn ló ń dá dùbúlẹ̀ lọ́dún kan. Àwọn tó yẹ kí wọ́n wá ni kò wá, tàbí kí wọ́n wá kí wọ́n má bá ẹni tí yóò yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò wọ ìwé, ìtọ́jú ò lè kùnà lára rẹ̀, kò sì lè kú sínú ìwé. Ilé rẹ̀ ló ti ń kú, láìba ìdá ẹnikẹ́ni jẹ́. Ikú tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń fà gòkè lọ́dún 2020, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti ohun tó lé ní ọdún 10 ṣáájú ìgbà náà. WHO ṣírò pé láàárín ọdún 2020 sí 2022, ìdíwọ́ tí Kòrónà mú bá ìtọ́jú fi nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù òkú kún èyí tí ìbá kú tẹ́lẹ̀.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Ikọ́ ni ẹ̀rí àrùn méjèèjì, nígbà yẹn sì rèé, ẹni tó bá húkọ́ láàárín èrò, ṣe ni wọ́n á tú ká mọ́ ọn lórí. Ẹlòmíràn wá gbé ikọ́ tirẹ̀ mọ́lé kí wọ́n má baà gbé e lọ sí ibi ìsémọ́. Kónílé-ó-gbélé dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n kó nọ́ọ̀sì àti dókítà ẹ̀dọ̀fóró lọ sí wọ́ọ̀dù Kòrónà. Ẹ̀rọ GeneXpert pàápàá, tó ń fi bíi wákàtí méjì sọ bóyá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti bóyá ó ti kọ rifampicin, ìyẹn ni pé oògùn yìí, ọ̀kan nínú èyí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, kò lè pa á mọ́, wọ́n fi ń yẹ Kòrónà wò ní ọ̀pọ̀ ibi.

Lẹ́yìn náà, iye àwọn tí wọ́n ń rí gòkè padà: mílíọ̀nù 6.4 lọ́dún 2021, 7.5 lọ́dún 2022, 8.2 lọ́dún 2023, èyí tó pọ̀ jù lọ títí di ìgbà náà láti ìgbà tí WHO ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́dún 1995. Lára wọn ni àwọn tí wọn ò rí nígbà tí ó yẹ, tí wọ́n wá dé pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi ọ̀nà ìtọ́jú wéra, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀, mélòó ló parí? Ta sì ni ọ̀nà náà kò tiẹ̀ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ rárá? Ìbéèrè kejì yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Ọ̀nà kìíní: ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn

Ọ̀nà àtijọ́ nìyí. Nọ́ọ̀sì á gbé oògùn fún yín, ẹ óò gbé e mì lójú rẹ̀, á sàmì sí káàdì. WHO ló sọ ọ́ di ìlànà gbogbo ayé ní àárín ọdún 1990 sí 1999, lábẹ́ orúkọ DOTS.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni ojú ẹni tó mọṣẹ́. Oògùn mẹ́rin tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn isoniazid, rifampicin, pyrazinamide àti ethambutol, kò sí èyí tí kò ní ìwà tirẹ̀. Rifampicin máa ń sọ ìtọ̀ àti omijé di pupa bí ọsàn. Ìyẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn. Isoniazid lè mú kí ẹsẹ̀ máa jó bí ẹni tó tẹ abẹ́rẹ́, fítámì B6 ni wọ́n sì fi ń dènà rẹ̀. Pyrazinamide ń mú oríkèé ríro wá. Ethambutol lè ba ojú jẹ́, àgàgà dídá àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé mọ̀ yàtọ̀. Mẹ́ta nínú wọn, yàtọ̀ sí ethambutol, lè yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó ń rí yín lójoojúmọ́ á rí ojú tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè kí ẹ̀yin fúnra yín tó rí i.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: àlọ àti àbọ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, bóyá fún oṣù mẹ́fà pátá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ á pàdánù iṣẹ́. Ìyá ọlọ́mọ á wá ẹni tó máa bá a gbé ọmọ. Àwọn ará àdúgbò á sì mọ ilẹ̀kùn tí ẹ ń wọ̀, torí pé gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni jíjókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń húkọ́ kì í ṣe ohun tí mo lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú sí bí ọ̀nà míì bá wà.

Nígbà tí Kòrónà dé, ọ̀nà yìí ló kọ́kọ́ já. Ìtọ́jú tó so mọ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, bí ilẹ̀kùn yẹn bá tì, ó tì nìyẹn.

Síbẹ̀ mi ò ní pa á tì. Ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ ti wọ̀ gan-an, ẹni tí kò nílé gidi, tàbí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ gbọ́ rárá, ilé ìwòsàn lè sàn fún un ju ilé lọ. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kejì: ẹ máa lò ó nílé, lójú alátìlẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ pé ilé ò dára fún alárùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pẹ́. Nígbà kan, ibi ìtọ́jú àdádó ni wọ́n ń kó wọn lọ, níbi tí atẹ́gùn ti tutù, tí oúnjẹ ti dára, tí wọ́n á sì sinmi fún oṣù tàbí ọdún. Lẹ́yìn tí oògùn gidi dé ni àwọn onímọ̀ ní Madras, ìlú tí à ń pè ní Chennai báyìí ní Íńdíà, ṣe ìwádìí tó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí méjì, wọ́n fún wọn ní oògùn kan náà: àwọn kan wà ní ibi àdádó, àwọn yòókù wà nílé wọn, nínú ilé tó kún, pẹ̀lú oúnjẹ tí kò tó àti iṣẹ́ tí kò dúró. Ọdún 1959 ni èsì jáde. Àwọn ti ilé rí ìwòsàn bí àwọn ti àdádó, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Àwọn ará ilé wọn pàápàá kò kó àrùn náà ju àwọn ará ilé àwọn tó lọ sí àdádó lọ. Oògùn ló ń wo èèyàn sàn; ibùsùn kọ́, atẹ́gùn òkè kọ́.

Ó lé ní 60 ọdún lẹ́yìn náà kí àjàkálẹ̀ àrùn tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀dá ni wá.

Lónìí, WHO ti sọ ọ́ láti ọdún 2017 pé ìtọ́jú nílé tàbí ní àdúgbò ló yẹ kó ṣáájú ti ilé ìwòsàn. Àmọ́ apá kejì ìmọ̀ràn yẹn máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà, ìbáà má jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló sàn ju ará ilé lọ láti máa ṣọ́ aláìsàn. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Àánú ìyá lè pa ọmọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ á ní inú ń rú òun, ìyá á ní, “Ó dáa, jẹ́ kó di ọ̀la.” Ọ̀la á di ọ̀túnla. Tọkọtaya tó bá ń jà, wọn ò ní rántí oògùn lọ́jọ́ ìjà. Ọmọ àbúrò kò lè pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n. Alátìlẹ́yìn tó dára jù ni ẹni tó lè bá yín wí láìbínú, tí ẹ kò sì lè fi ojú àánú mú: aládùúgbò tó ti gba ìtọ́jú náà rí, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, ẹlẹgbẹ́ nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́.

Bó bá jẹ́ ará ilé nìkan ló wà, ẹ má jẹ́ kó dí yín lọ́wọ́. Ẹ kàn mú un lọ bá nọ́ọ̀sì kí wọ́n kọ́ ọ ní ohun mẹ́ta: àmì tó gbọ́dọ̀ mú kó pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ (ojú pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èébì tí kò dúró, ojú tó ń ṣókùnkùn), bí wọ́n ṣe ń sàmì sí káàdì, àti pé bí ẹ bá gbàgbé oògùn lánàá, kí ẹ má fi tàná kún tòní, kí ẹ pè kí ẹ béèrè.

Ìpalára kan wà lára ọ̀nà yìí tí ojú kì í tètè rí. Bí oògùn bá ń bá èèyàn nílé, ó lè gbàgbé pé àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò lè bá a nílé. Ní òpin oṣù kejì, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni wọ́n máa ń gbà á fún ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó lo oògùn tán tí kò ṣe àyẹ̀wò, “ó parí” ni wọ́n á kọ síwájú rẹ̀, wọn ò ní kọ “ó wò sàn”. Nínú ìdá àṣeyọrí, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Nínú ara yín, ẹ ó fẹ́ mọ̀ èwo ni.

Ọ̀nà kẹta: fídíò

Ẹ gbé fóònù síwájú, ẹ fi oògùn hàn án, ẹ gbé e mì, ẹ la ẹnu. Irú méjì ló wà: èyí tí òṣìṣẹ́ ìlera ń wò yín bí ẹ ṣe ń lò ó lọ́wọ́, àti èyí tí ẹ óò ká sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́, kó wò ó nígbà tó bá ráyè. Èkejì yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́ lè ká a kó tó jáde.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2019, fi fídíò àti ìṣọ́ ojúkojú síra wọn. Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ìdá 70 nínú 100 àwọn tí wọ́n yàn sí fídíò ni wọ́n rí tó lo ìdá 80 ó kéré tán nínú oògùn tó yẹ kí wọ́n rí i lò. Ní ti ojúkojú, ìdá 31 péré ni. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, àmọ́ ẹ kà á dáadáa: bí oògùn tí wọ́n rí tí aláìsàn lò ṣe pọ̀ tó ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe iye ẹni tó wò sàn. Púpọ̀ nínú àwọn ti ojúkojú ò kọ oògùn. Ìrìn àjò náà ni wọ́n kọ̀. Ọdún kan kí Kòrónà tó dé ni èsì yìí jáde, bí ẹni pé ó mọ ohun tó ń bọ̀. Nígbà kónílé-ó-gbélé, ibi tí wọ́n ti ń lo fídíò tẹ́lẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà wí, ojú inú fóònù sì kéré. Kámẹ́rà kì í wọn ìwúwo ara, àwọ̀ tó fi ń hàn kì í sì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo bí iná yàrá bá pọ́n. Bí ilé kan bá ń pín fóònù kan lò, àṣírí ò sí. Bí dátà bá tán, ẹ̀rí tán. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí fóònù ń dà láàmú, ẹ má fi kún wàhálà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n síra wọn

| | Ilé ìwòsàn | Nílé, pẹ̀lú alátìlẹ́yìn | Fídíò |
|---|---|---|---|
| Ohun tó ń ná yín | Owó ọkọ̀ àti àkókò lójoojúmọ́ | Díẹ̀. Ọjọ́ ìgboògùn àti àyẹ̀wò nìkan | Fóònù àti dátà |
| Ta ló ń tètè rí ìpalára oògùn? | Nọ́ọ̀sì | Alátìlẹ́yìn, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ | Ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ |
| Àṣírí | Àdúgbò lè mọ̀, ilé lè má mọ̀ | Ilé á mọ̀ | Ó dára bí fóònù bá jẹ́ tiyín nìkan |
| Bí ìlú bá tì pa | Ó já | Ó dúró, bí oògùn bá wà nílẹ̀ | Ó dúró, bí oògùn àti íntánẹ́ẹ̀tì bá wà |

Ọ̀nà kẹrin wà tí mi ò fún ní àyè nínú tábìlì yẹn: kí wọ́n kó oògùn oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, kí ẹ máa dá lò ó, kí ẹnì kan kàn máa pè yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà Kòrónà, òun ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Fún ẹni tó ti lò ó dọ́gba fún oṣù méjì, tí àyẹ̀wò rẹ̀ sì mọ́, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Fún ẹni tó ti dáwọ́ dúró rí, mo máa bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ẹni tí yóò máa wo ojú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yàn fún ara mi, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni màá fi lọ sí ilé ìwòsàn, títí a ó fi mọ bí ẹ̀dọ̀ mi ṣe gba oògùn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé pẹ̀lú alátìlẹ́yìn tí kì í ṣe ará ilé mi, kí fídíò sì wà fún ọjọ́ tí kò bá lè wá. Kò sí òfin tó ní ọ̀kan ṣoṣo ni kéèyàn mú.

Oṣù mẹ́rin àbí oṣù mẹ́fà?

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìlànà oṣù mẹ́fà ni oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà isoniazid àti rifampicin fún oṣù mẹ́rin. Lọ́dún 2021, nígbà tí ojú gbogbo ayé ṣì wà lára Kòrónà, èsì ìwádìí ńlá kan jáde tó fi hàn pé ìlànà oṣù mẹ́rin tó ní rifapentine àti moxifloxacin nínú ń ṣiṣẹ́ bíi ti oṣù mẹ́fà. WHO fọwọ́ sí i fún ẹni ọdún 12 sókè tí ìwọ̀n rẹ̀ tó kílógíráàmù 40. Aboyún kò sí lára wọn.

Oṣù méjì tó dínkù kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n hóró oògùn rẹ̀ lójúmọ́ pọ̀ jù ti oṣù mẹ́fà lọ, kì í sí nílẹ̀ níbi gbogbo, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyàtọ̀ kékeré kan tún wà tó lè da èèyàn rú: inú òfìfo ni rifampicin ti ń ṣiṣẹ́ jù, rifapentine ní tirẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ. Ní ti àwọn ọmọdé tí tiwọn kò le, oṣù mẹ́rin ti tó pẹ̀lú oògùn tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi dókítà ọmọ yín.

Bí kòkòrò bá ti kọ oògùn

Ibí yìí ni ìfiwéra ti le jù, ibí yìí náà sì ni ìyàtọ̀ ti hàn jù.

Ìtọ́jú àtijọ́ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti kọ rifampicin máa ń gba oṣù 18 sí 20. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ tó sì ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di adití. Ẹ wo ohun tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ nígbà tí kò sí ọkọ̀, tí nọ́ọ̀sì tó ń gún un sì ti lọ sí wọ́ọ̀dù míì. WHO ti ní kí wọ́n pa abẹ́rẹ́ kanamycin àti capreomycin tì lọ́dún 2018, nígbà tó sì di ọdún 2020, bedaquiline tí à ń gbé mì ti gba ipò abẹ́rẹ́ nínú ìlànà kúkúrú.

Ní òpin ọdún 2022 ni èyí tí mo kà sí ìròyìn tó dára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dé: ìlànà oṣù mẹ́fà, oògùn mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ gbígbé mì, bedaquiline, pretomanid, linezolid àti moxifloxacin. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi dán an wò, ìdá 89 nínú 100 ló ṣàṣeyọrí, ìdá 52 sì ni ti àwọn tó lo ìlànà àtijọ́. Ẹni ọdún 14 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí i fún.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù tirẹ̀. Linezolid lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó lè mú ẹsẹ̀ kú tipiri, ó lè kan ojú. Bedaquiline àti moxifloxacin lè da ìlù ọkàn rú. Nítorí náà, ẹni tó ń lo ìlànà yìí kò lè fi fídíò nìkan rọ́pò ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà, àyẹ̀wò ọkàn wà, ti ojú wà. Ilé ni kó ti máa lo oògùn, àmọ́ kó má pa ọjọ́ àyẹ̀wò kan jẹ.

Bí wọ́n bá ṣì fi ìtọ́jú oṣù 18 lọ̀ yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò tiyín ti kọ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tuntun yìí. Ìdí gidi nìyẹn. “Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn” kì í ṣe ìdí.

Káàkiri ayé, ìdá àṣeyọrí àwọn tó ní irú èyí ti kúrò ní 60 nínú 100 fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, ó di 63 fún ti ọdún 2020, ó di 68 fún ti ọdún 2021. Ó gòkè láàárín àjàkálẹ̀ àrùn gan-an. Ẹ má sì gbàgbé ìbéèrè kejì: iye àwọn tó bọ́ sórí ìtọ́jú yẹn já wálẹ̀ lọ́dún 2020, bíi ti àwọn yòókù.

Kí ẹ tó dáhùn nọ́ọ̀sì

Ọ̀nà yòówù kí ẹ mú, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé ìwòsàn yẹn bá tì fún oṣù kan. Ṣé wọ́n á fún yín ní oògùn tó máa kájú rẹ̀? Nọ́ńbà ta ni ẹ óò pè? Ẹni tó ti ń béèrè èyí ní oṣù kejì ọdún 2020, kò sí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwa ti mọ̀ báyìí.

Ẹ sọ gbogbo oògùn míì tí ẹ ń lò. Rifampicin máa ń dín agbára púpọ̀ nínú wọn kù: oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí à ń gbé mì, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti àwọn kan lára oògùn HIV. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí gbọ́dọ̀ bá dókítà wá ọ̀nà míì títí ìtọ́jú á fi parí.

Ẹ béèrè ọjọ́ tí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín bọ́ sí, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ àwọn tí ẹ jọ ń gbé wò, pàápàá àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 àti ẹnikẹ́ni tó ní HIV. Oògùn ìdènà wà fún àwọn tí kò tíì ṣàìsàn.

Ohun tó kù ni káàdì ìtọ́jú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù yín lóṣooṣù. Bí ẹ bá ń kó lọ sí ìlú mìíràn láàárín ìtọ́jú, ẹ gba ìwé ìyípadà kí ẹ tó gbéra, nígbà tí ẹ bá sì lo oògùn tán níbi tuntun yẹn, ẹ ní kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá fi ránṣẹ́, ara yín lè ti le koko, kí ìwé ibẹ̀ ṣì máa pè yín ní ẹni tí a ò mọ ibi tó já sí.